Àyè Tí Àga Yóò Ti Yí

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni Télọ̀ kọ́kọ́ rí. Méjèèjì yọ síta láti ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù inú yàrá ìyá rẹ̀, ìyókù ara rẹ̀ sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́hùn-ún. Ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ eérú ló wọ̀, ẹnì kan sì ti fi òwú pupa rán gìgísẹ̀ tòsì, ìránkúràn gbáà. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó tò wọ́n síbẹ̀ jẹ́jẹ́, imú wọn kọ síta.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá yín rán ìbọ̀sẹ̀ yẹn?"

Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu nìyẹn. Ẹ má dá a lẹ́bi. Obìnrin tó ti ń fi abẹ́rẹ́ jẹun láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sí bí ojú rẹ̀ ṣe lè fo irú ìrán bẹ́ẹ̀ dá.

Ẹsẹ̀ náà mì. Ọkùnrin náà wọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ó dìde jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, eruku sì bo irun rẹ̀ àti ìpéǹpéjú rẹ̀. "Èmi fúnra mi ni. Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún mi. Gbogbo àwọn tó kù, ńṣe ni wọ́n ń ní mo gbìyànjú."

Káfíńtà ni. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé kò sẹ́ni tó rí i rí tó ń yára. Télọ̀ ti ránṣẹ́ sí i ní ṣọ́ọ̀bù pé kó wá ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ó ráyè ṣáájú, ó sì wá. Ìyá Télọ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá, jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ń wo àwọn méjèèjì.

"Mo ní kó bá mi wo ilẹ̀kùn tó ń han kẹ̀ẹ́ẹ̀ yẹn," Màmá sọ. "Ọmọlúàbí ni. Ó bọ́ bàtà."

Káfíńtà họ orí. "Màmá ní kí n fi òróró sí i. Àwọn tó wá pè mí ní ṣọ́ọ̀bù ní kí n wá tú gbogbo ẹ̀ kúrò. Ni mo bá ní kí n kọ́kọ́ wo abẹ́ ẹ̀ ná, kí n má baà ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"Tú kí ni kúrò?" Màmá bi í, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn mẹ́fà ni, wọ́n kàn án mọ́ ògiri láti igun dé igun, láti ilẹ̀ dé àjà, ó sì yọ wá sínú yàrá ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ó lé. Àárín òun àti bẹ́ẹ̀dì kò ju ìṣísẹ̀ kan àbọ̀ lọ. Bàbá Télọ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án lọ́dún tí òun àti Màmá ṣègbéyàwó, ó sì ti di ọdún mẹ́fà báyìí tí bàbá náà ti kú.

Láti ọdún tó kọjá ni ẹsẹ̀ Màmá kò ti gbé e mọ́. Ọsibítù fún un ní àga onítáyà, ṣùgbọ́n inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àga náà ń dúró sí, nítorí pé bó bá wọ yàrá, kò lè yí. Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Télọ̀ a gbé ìyá rẹ̀ mọ́ra láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù tó kọjá, àwọn méjèèjì jọ ṣubú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Télọ̀ ọkùnrin gbọ́, ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Bí àga kò bá lè yí nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn, òun yóò mú Màmá lọ sílùú tòun, ìrìn ọjọ́ kan gbáko, wọn yóò sì fi ilé náà háyà. Bí Màmá bá lọ, Télọ̀ náà yóò lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ńkọ́, àwọn oníbàárà ọdún mẹ́sàn-án ńkọ́? Wọn yóò wá télọ̀ mìíràn.

"Mo ti sọ fún ọ," Màmá wí fún ọmọ rẹ̀. "Ẹ gbé mi lọ síbi tó bá wù yín. Ẹ má fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù ọkọ mi."

Télọ̀ la ẹnu láti jà, ṣùgbọ́n Káfíńtà ti dìde, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà.

"Màmá, ṣé káfíńtà ni ọkọ yín ni?"

"Tíṣà ni."

"Mo rí i."

"Kí lo rí?" Màmá bi í, ó ti múra ìjà.

"Ibi tí ìṣó mẹ́ta tó, mẹ́sàn-án ni wọ́n kàn síbẹ̀. Káfíńtà ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kan ìṣó mẹ́sàn-án, ẹ̀rù ń bà á kí nǹkan má baà wó lu ẹni tó fẹ́ràn ni."

Màmá gbójú kúrò. Káfíńtà tún rọra sọ̀rọ̀. "Mi ò ní fọ́ ọ, Màmá. Ìṣó tí wọ́n kàn gbẹ̀yìn ni màá kọ́kọ́ yọ. Màá fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára pákó kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn kan lóòjọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní ó tó, màá dáwọ́ dúró. Bẹ́ ẹ bá ní kí n dá a padà, màá dá a padà, kò ní ku ìṣó kan."

"Ilẹ̀kùn kan lóòjọ́?"

"Ẹyọ kan péré."

"Kí lo wá ń fi ìyókù ọjọ́ ṣe?"

Télọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín. Màmá gbá ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ronú. "Èyí tó ń han kẹ̀ẹ́ẹ̀ yẹn lè kọ́kọ́ lọ," ó sọ níkẹyìn. "Kò jẹ́ n sùn."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà kò parọ́. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Káfíńtà máa ń dé, Télọ̀ náà a sì ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní torí Màmá ni òun ṣe ń tètè dé, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn. Yóò jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, yóò máa tú ojú ìrán aṣọ tí oníbàárà ní ó há òun láyà, Káfíńtà yóò sì máa fi ẹmú yọ ìṣó. Bó bá yọ ọ̀kan, á fi òòlù nà án tọ́, á jù ú sínú agolo mílíìkì.

"Ìwọ náà ń tú," Káfíńtà sọ fún un lọ́jọ́ ilẹ̀kùn kẹta. Lọ́jọ́ yẹn ni "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sì sí èyí tó mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Èmi ń tú kí n lè tún un rán. Ìwọ ń tú u kó lè lọ."

"Mi ò tíì mọ ibi tó ń lọ. Àmọ́ mo ti mọ ẹni tó kàn án. Ní ọwọ́ ọ̀tún lọ́hùn-ún, ọwọ́ ẹ̀ ò tíì mọ òòlù. Nígbà tó fi dé ọwọ́ òsì níbí, ó ti ń di ọ̀gá."

"Ìka ẹ̀ wú fún oṣù kan," Màmá dá sí i, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, Télọ̀ gba ìbọ̀sẹ̀ náà lẹ́sẹ̀ Káfíńtà, ó tú òwú pupa, ó fi òwú aláwọ̀ eérú tún un rán. Káfíńtà gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Mi ò rí ojú ibẹ̀ mọ́."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Mo ti wá fẹ́ràn pupa yẹn o."

"Gbé e wá, kí n dá ìyà ẹ padà fún ọ."

"Rárá, ọlọ́wọ́ idán. Mo dúpẹ́." Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ náà, ó sì ń wo gìgísẹ̀ ara rẹ̀ léraléra títí tó fi délé.

Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, Télọ̀ ti fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó ti rán aṣọ ìyàwó fún ọ̀pọ̀ ọmọge, ó sì ti gbà nínú ara rẹ̀ pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni òun yóò ti máa wo àwọn tó ń lọ sílé ọkọ. Ní báyìí, tí agogo bá ti lu mẹ́ta, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.

"Bí wọ́n bá mú Màmá lọ," Káfíńtà bi í lọ́jọ́ karùn-ún, kò gbójú sókè, "ṣé ìwọ náà á lọ?"

"Èmi náà á lọ."

Ìṣó tó ń yọ nígbà náà ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé pákó ẹ̀yìn kúrò. Fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe àṣírí. Télọ̀ ti ń rí ìta fèrèsé náà láti kékeré, títì pa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ka ohun tó ti wà ní títì láti ọgbọ̀n ọdún ó lé sí fèrèsé mọ́. Káfíńtà fi èjìká tì í. Ó ṣí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì wọlé, ó tàn sórí bẹ́ẹ̀dì àti sórí ọwọ́ Màmá. Òkè igi ẹ̀yìnkùlé hàn, ẹyẹ méjì sì wà lórí rẹ̀.

Omi ń bọ́ lójú Màmá.

Télọ̀ àti Káfíńtà wo ara wọn. Wọ́n rò pé kọ́bọ́ọ̀dù ló ń sunkún fún. Inú Káfíńtà bàjẹ́ débi pé kò lè mu tíì tí Télọ̀ gbé fún un. Ó di pákó lérù, ó gbé agolo ìṣó rẹ̀, ó sì lọ.

Àṣìṣe tó ṣe lẹ́yìn náà, káfíńtà nìkan ló lè ṣe é. Ògiri òfìfo kì í jẹ́ kí àwọn káfíńtà sinmi. Ó gbé pákó tíṣà lé orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó fá wọn, ó fi òróró pa wọ́n, ó fi wọ́n kan kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ga dé orúnkún, tó gùn láti igun dé igun, tí yóò wà lábẹ́ fèrèsé, kí Màmá lè máa rí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Ìṣó tí bàbá náà lò gan-an ló fi kàn án, mẹ́sàn-án ní igun kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ ló gbé e wá, ó sì kàn án mọ́ ògiri kí Télọ̀ tó dé láti ṣọ́ọ̀bù.

Ó rẹwà. Ojú ìṣó àtijọ́ ṣì hàn lára pákó, ó ti fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́. Télọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú tí ó fi ń mọ ìbàdí èèyàn láìfa tépù, ojú náà ló fi mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé àga Màmá kò ní lè yí nínú yàrá yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n Káfíńtà ń wo ẹnu rẹ̀, ó ti fá irùngbọ̀n, ó sì ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun nítorí ọjọ́ náà.

"Ó rẹwà," Télọ̀ sọ. "Ó rẹwà gan-an. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ ẹ́."

Káfíńtà ń súfèé lọ sílé. Nígbà tí wọn kò gbọ́ súfèé náà mọ́, Màmá sọ̀rọ̀.

"Mo mọ ojú tó o ṣe yẹn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi lò ó."

"Ojú wo, Màmá?"

"Jókòó." Télọ̀ jókòó. "Mi ò fẹ́ràn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn rí. Ọjọ́ tá a kó wọ ilé yìí, fèrèsé yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Mo lọ kí ìyá mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo fi dé, bàbá yín ti kan pákó bò ó. Ó dúró síbẹ̀, ìka ẹ̀ wú, ó ń wo ẹnu mi. Mo ní ó rẹwà. Mo ní màá sọ fún un lọ́la. Ọ̀la ò dé."

"Ẹ̀yin yìí náà lẹ ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án!"

"Ohun tí mi ò lè sọ lójú ẹ̀, ṣé kí n wá fi òòlù sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀?" Ó nu ojú. "Kò sì ní bínú, ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Mo mọ ọkọ mi. Á kàn bú sẹ́rìn-ín ni, á sì tú u kó tó jẹun. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọmọ mi, má tìtorí ìfẹ́ jókòó sínú òkùnkùn."

Ọjọ́ kejì, Télọ̀ kò ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ti Káfíńtà ló gbà lọ. Ó bá a tó ń fá igi, èérún igi sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kọ́bọ́ọ̀dù kékeré yẹn rẹwà," ó sọ láìjókòó. "Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Àmọ́ mi ò fẹ́ ẹ níbẹ̀. Àga Màmá ò lè yí."

Káfíńtà gbé ìfági sílẹ̀. "Mo wọn àga náà. Ó gba àárín."

"Àga lo wọ̀n. O ò wọn yíyí ẹ̀. O ò wọn orúnkún Màmá."

"O ní ibẹ̀ ló yẹ ẹ́."

"Irọ́ ni mo pa."

Ó gbọn èérún igi kúrò lẹ́sẹ̀. "Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ pàdé, o ò tíì mọ̀ mí, o sọ òótọ́ fún mi nípa ìbọ̀sẹ̀. Kí ló wá dé?"

"Nígbà yẹn, mi ò tíì fẹ́ràn ẹ."

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Káfíńtà jókòó sórí igi. Ó dùn mọ́ ọn, ó tún dùn ún, kò sì mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dáhùn nínú méjèèjì. "Jẹ́ kí n ronú," ló rí sọ, Télọ̀ sì yí padà lọ sílé, omijé ò jẹ́ kó rí ọ̀nà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, kò wá. Agogo mẹ́rin lù, ó kọjá. Télọ̀ mú òòlù, ó gbìyànjú láti fa kọ́bọ́ọ̀dù náà tu fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣó mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni. Ọwọ́ rẹ̀ bó, pákó kò mì.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni ẹ̀gbọ́n dé. Èèyàn rere ni, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó kí Màmá, ó ti àga náà wọ yàrá, ó gbìyànjú láti yí i. Táyà kan kọlu bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ àga kọlu kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì há síbẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?" ó wí fún Màmá jẹ́jẹ́. "Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹ tún ṣubú." Ó gbé báàgì sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ Màmá sínú rẹ̀.

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀ o." Káfíńtà ni, àpò iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ léjìká. Ojú rẹ̀ kò tíì rí oorun. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní wákàtí kan."

Ó kúnlẹ̀, ó yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, ó fà á yípo lórí ilẹ̀ yàrá náà, òbìrìkìtì ńlá kan tí etí rẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì, tó sì gba inú kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kọjá. "Lánàá, mo yá àga onítáyà kan," ó wí, Télọ̀ ló sì ń bá sọ̀rọ̀. "Mo jókòó sínú ẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo kọlu gbogbo nǹkan tí mo ní ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí Màmá nílò ni mo fà sílẹ̀ yìí. Nǹkan kan ò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó."

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni rí Jẹ́jẹ́ tó ń yára nìyẹn. Ìṣó ń fò sínú agolo, òógùn ń kán. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí, ó fi báàgì sílẹ̀, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì bá a di ìkangun kan mú. Kí wákàtí kan tó pé, wọ́n ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù kékeré náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Télọ̀ gbé ìyá rẹ̀ sórí àga. "Ẹ fi mí sílẹ̀," Màmá pàṣẹ. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà. Àga náà yí lórí ojú ṣọ́ọ̀kì, ó lọ, ó bọ̀, kò kan nǹkan kan. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn kì í ṣe ìdánwò, ó kàn ń gbádùn ara rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n padà sídìí báàgì, ó sì ń kó aṣọ ìyá rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Télọ̀ súnmọ́ Káfíńtà. "O ò wá lánàá. Mo rò pé o ti lọ."

"Ó dùn mí díẹ̀ ni."

"Díẹ̀?"

"Ó dùn mí púpọ̀." Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Kọ́bọ́ọ̀dù kékeré yẹn, ṣọ́ọ̀bù ẹ ló ń lọ. Bó ò bá fẹ́ ẹ níbẹ̀, sọ."

"Mo fẹ́ ẹ níbẹ̀. Tòótọ́tòótọ́."

"Ó dáa. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, ọlọ́wọ́ idán. Mo fẹ́ ká jọ gbé, ká jọ dàgbà. Àmọ́ kó o tó dá mi lóhùn, bí mo bá ṣe nǹkan tó ò fẹ́, ṣé wàá sọ fún mi?"

"Kó o tó kan ìṣó kejì."

"Kí ló ṣe ìṣó èkíní?"

"Màá jẹ́ kó o gbádùn ẹyọ kan." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. "Mo gbà. Ó wù mí, mo gbà."

Káfíńtà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tí òòlù ti bó lánàá, ó ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n wúkọ́, ó ní òun fẹ́ lọ wo ọkọ̀ òun níta. Màmá ní tirẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì yí táyà, kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó sì dúró sójú oòrùn.

"Ẹ má dá mi lóhùn," ó ní. "Fèrèsé mi ni mò ń wò."